Ẹja Wo Lèyí Tó Lẹ̀ Mọ́ Gíláàsì? Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Hillstream Loach

Ìbéèrè kan náà ni àwọn tó ń sin ẹja ní Òṣogbo ń bi mí lójoojúmọ́, lórí fóònù àti lójú ọ̀nà: wọ́n ra ẹja pẹlẹbẹ kan, kò jọ èyí tí wọ́n rí tẹ́lẹ̀, wọ́n fẹ́ mọ orúkọ rẹ̀. Mo kó àwọn ìdáhùn mi jọ síbí, látorí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó le.

Kí ni wọ́n ń pè ní hillstream loach?

Ẹja kékeré ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gùn ju ìka ọwọ́ àgbàlagbà lọ. Ilẹ̀ Éṣíà ni wọ́n ti wá: gúúsù China, Vietnam, Laos, erékùṣù Borneo àti àwọn ilẹ̀ tó yí wọn ká. Inú odò orí òkè ni wọ́n ń gbé, níbi tí omi ti ń sáré lórí òkúta, tó tutù, tó mọ́, tí atẹ́gùn sì pọ̀ nínú rẹ̀.

Ara wọn pẹlẹbẹ bí àkàrà tí wọ́n fi ọwọ́ tẹ̀. Lẹbẹ àyà àti lẹbẹ ikùn wọn tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, òun ni wọ́n fi ń di òkúta mú kí omi má baà wọ́ wọn lọ. Ohun yíyọ̀ tó máa ń bo òkúta odò ni oúnjẹ wọn, pẹ̀lú àwọn kòkòrò tín-ín-tín tó ń gbé inú rẹ̀. A ò ní orúkọ Yorùbá fún un, torí kò sí lódò wa. Àwọn ọmọ ilé mi ń pè é ní Alẹ̀mọ́gíláàsì, orúkọ náà sì yẹ ẹ́.

Ẹnìkan mú irú rẹ̀ níbi omi tó ń já ní Ẹ́rìn-Ìjẹ̀ṣà. Ṣé òun náà kọ́?

Òun kọ́. Kò sí hillstream loach kankan nínú odò Áfíríkà, ìbáà jẹ́ Olúmìrìn, ìbáà jẹ́ odò Ọ̀ṣun. Ẹja ilẹ̀ wa tó máa ń lẹ̀ mọ́ òkúta níbi omi líle, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣì mú fún un, ni Chiloglanis. Ẹbí àrọ̀ ni, ètè rẹ̀ fẹ̀ yí ẹnu ká bí àwo kékeré.

Ẹ fi ọwọ́ kàn án, ẹ ó mọ ìyàtọ̀. Chiloglanis kò ní ìpẹ́, ẹ̀gún wà níwájú lẹbẹ àyà rẹ̀, ẹran kékeré kan sì yọ sókè láàrin lẹbẹ ẹ̀yìn àti ìrù. Loach ní ìpẹ́ wẹ́wẹ́, kò ní ẹ̀gún lẹ́bàá àyà, kò sì ní ẹran yẹn lẹ́yìn.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má lọ fi àwọ̀n wá ẹja nínú igbó Ọ̀ṣun. Èèwọ̀ ni ẹja pípa níbẹ̀. Inú Àtẹ́wọ́gbẹja sì ni orúkọ oyè Àtáọ́ja, ọba Òṣogbo, ti jáde, ẹja Ọ̀ṣun kì í ṣe ohun ìṣeré fún ọmọ Òṣogbo. Bákan náà, ẹ má ṣe da ẹja àjèjì tó bá sú yín sínú odò náà.

Báwo ni mo ṣe máa yà á sọ́tọ̀ sí pleco àti Chinese algae eater?

Pleco, ẹja ẹbí àrọ̀ láti Gúúsù Amẹ́ríkà, le lára bí ẹni wọ ẹ̀wù irin, ètè rẹ̀ ló sì fi ń fà mọ́ gíláàsì. Chinese algae eater, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Gyrinocheilus aymonieri, gùn, ó rí roboto, ètè ni òun náà fi ń dúró. Ó lè gùn ju 20 sẹ̀ǹtímítà lọ, ó sì máa ń di oníjà bó bá dàgbà.

Ti loach yàtọ̀. Ẹnu rẹ̀ kéré, abẹ́ orí ló wà, irùngbọ̀n kúkúrú kúkúrú sì yí i ká. Kì í ṣe ẹnu ló fi ń lẹ̀, gbogbo abẹ́ ara rẹ̀ ni. Tí ẹ bá rí ẹja tó dúró gbọn-in lójú gíláàsì tí ẹnu rẹ̀ ṣì ń rìn kiri tó ń họ nǹkan jẹ, loach ni.

Ẹlẹ́ja ní "Borneo sucker" ni. Ṣé orúkọ yẹn tó?

Kò tó. Borneo sucker, Hong Kong pleco, butterfly loach: orúkọ ọjà ni gbogbo wọn. Ẹnu àwọn tó ń kó ẹja wọlé ló ti ń wá, ẹja tó yàtọ̀ síra sì lè jẹ́ orúkọ kan náà lọ́sẹ̀ méjì tó tẹ̀ léra. Nínú gbogbo ẹja tí wọ́n ti tà fún mi l'Ékòó ní orúkọ "Borneo sucker", èyí tí mo kọ́kọ́ yẹ ikùn rẹ̀ wò dáadáa kì í ṣe ará Borneo rárá. Beaufortia ni, ìran hillstream loach míì (ìran ni àkójọ ẹ̀yà tó bára tan, genus lédè Gẹ̀ẹ́sì), láti gúúsù China. Odidi oṣù mẹ́ta ni mo ti fi ń pè é ní Gastromyzon, ìran àwọn ará Borneo, fáwọn èèyàn, ó sì dùn mí, torí àwọn kan ti gbé orúkọ yẹn dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlòmíràn.

Ohun tó wúlò lẹ́nu ẹlẹ́ja ni ìlú tí àpótí ẹja ti gbéra. Ẹ bi í. Bó bá ní Vietnam, ó ti dín wàhálà yín kù. Bó bá ní Indonesia tàbí Malaysia, ó ṣeé ṣe kí ẹ máa wá a láàrin àwọn ará Borneo. Ṣùgbọ́n ẹja lè gba ìlú kan kọjá lásán, nítorí náà ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹlẹ́ja nìkan dá ẹjọ́.

Kí ló dé tí orúkọ fi ṣe pàtàkì? Ṣebí ẹja ni ẹja.

Nítorí ooru àti iná. Èyí tó wọ́pọ̀ nínú wọn fẹ́ omi tó wà láàrin 20°C sí 24°C. Ní Òṣogbo, nínú ẹ̀ẹ̀rùn oṣù kejì àti oṣù kẹta, omi inú gíláàsì tí a fi ń sin ẹja, bí kò bá ní ohun tó ń mú un tutù, máa ń gbóná kọjá 28°C. Omi gbígbóná kì í di atẹ́gùn mú bí omi tútù. Ẹni tó ra ẹja yìí tó rò pé pleco ni yóò tọ́jú rẹ̀ bíi pleco, yóò sì pa á.

Èmi pàdánù Sewellia mẹ́rin, ìran kan nínú hillstream loach, lóru ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta. Iná lọ, bátìrì páǹpù atẹ́gùn tán kí n tó jí. Kò sí ohun tó ṣe àwọn ẹja yòókù nínú gíláàsì kan náà. Láti ọjọ́ náà, páǹpù méjì ló ń ṣiṣẹ́ nílé mi, ọ̀kan lórí iná, ọ̀kan lórí inverter. Gíláàsì náà sì kúrò lẹ́bàá fèrèsé, ó wà ní yàrá tí oòrùn kì í dé.

Ibo ni kí n kọ́kọ́ wò lára ẹja náà?

Ikùn. Bí ẹni mẹ́wàá bá fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi, mẹ́sàn-án máa ń jẹ́ ti ẹ̀yìn ẹja, ẹ̀yìn yìí gan-an ló sì ń tan èèyàn jẹ. Abẹ́ ni àwọn onímọ̀ máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí wọ́n tó mọ ìran tí ẹja ti wá.

Ẹ ní sùúrù dìgbà tó bá gun gíláàsì iwájú. Ẹ jókòó, kí ojú yín wà níwọ̀n ọwọ́ kan sí i, kí ẹ sì tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, kó má bọ́ sí i lójú. Ikùn rẹ̀ á funfun bí ẹ̀kọ tútù. Etí lẹbẹ àyà rẹ̀ lápá ẹ̀yìn á máa mì tìtì láìdúró, omi ló ń lé jáde lábẹ́ ara rẹ̀ kó lè lẹ̀ dáadáa. Ẹ wá sọ ojú kalẹ̀ sí lẹbẹ ikùn méjèèjì. Ṣé wọ́n pàdé lẹ́yìn tí wọ́n di odidi kan bí àwo, àbí àlàfo wà láàrin wọn?

Bí wọ́n bá pàdé, ẹ máa wo apá ọ̀dọ̀ Sewellia, Beaufortia àti irú wọn. Bí wọ́n bá yà, ó lè jẹ́ Pseudogastromyzon tàbí ìran míì. Ìbéèrè kan yìí nìkan máa ń lé bí ìdajì orúkọ tí ẹ kó wá dànù.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ẹnu, lábẹ́ ojú, bóyá kòtò tín-ín-rín kan wà níbẹ̀. Ẹ wo bí imú ṣe rí, ṣé ó yí bìrìkìtì ni tàbí ó ní igun. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni kí ẹ tó wo àwọ̀ àti àmì ara.

Irú fọ́tò wo ni kí n yà?

Mẹ́ta: láti òkè, láti ẹ̀gbẹ́, láti abẹ́. Bí ẹja náà bá kọ̀ tí kò gun gíláàsì, ẹ rọra gbà á sínú ike tó mọ́ gaara pẹ̀lú omi tirẹ̀ gan-an, ẹ gbé ike náà sókè kí ẹ yà á láti ìsàlẹ̀. Kó má pẹ́ ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ẹ fi rúlà sí ẹ̀gbẹ́ ike, torí n kò lè mọ gígùn ẹja látinú fọ́tò lásán. Ẹ má lo iná fóònù tó ń bù yẹ̀rì, gíláàsì á dá a padà, gbogbo rẹ̀ á sì funfun.

Sewellia ni tèmi ni tàbí Beaufortia?

Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú Sewellia lọ́jà ni Sewellia lineolata, ará àárín gbùngbùn Vietnam. Valenciennes, onímọ̀ ẹja ará Faransé, ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1846. Ìlà dúdú àti ìlà funfun ló ń bá ara rẹ̀ lọ láti orí sí ìrù, wọ́n sì máa ń so kọ́ra bí àwọ̀n lápá kan. Ẹni tó bá ti rí ọ̀kan tó dàgbà kì í gbàgbé.

Beaufortia kweichowensis kò ní irú ìlà bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ jọ yanrìn odò, àmì róbótó dúdú sì wà káàkiri ara rẹ̀. Fang ló fún un lórúkọ ní 1931, láti ara orúkọ ìgbèríko Guizhou ní China. Sewellia àti Beaufortia jẹ́ orúkọ tí Hora, onímọ̀ ẹja ará Íńdíà, fún wọn ní 1932. Ó fi ọ̀kan yẹ́ Sewell sí, ó fi èkejì yẹ́ de Beaufort, ará Netherlands, sí.

Ọmọ kéékèèké ló ń yọni lẹ́nu. Ìlà Sewellia tó ṣì kéré lè má tíì tò dáadáa. Ẹ fún un ní oṣù mélòó kan kí ẹ tó pinnu.

Tèmi jọ Sewellia lójú gbogbo, ṣùgbọ́n tóótòòtó ló ní dípò ìlà. Ṣé ẹ̀yà àjèjì ni?

Èyí ni ìbéèrè tó dùn mọ́ mi jù, torí ẹja tó lẹ́wà gan-an ni. Sewellia kan wà lọ́jà tó kún fún àmì tóótòòtó, àwọn olùsìn sì ń pè é ní Sewellia sp. "spotted", àmì ìdánimọ̀ rẹ̀ ni SEW01. Ó máa ń bá lineolata wọlé nínú àpótí kan náà, nítorí náà ẹni tó ra mẹ́fà lè bá ọ̀kan láàrin wọn.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo èyí tó ní tóótòòtó ni SEW01. Sewellia marmorata wà, Sewellia speciosa wà, Sewellia breviventralis wà, ẹ̀yà inú ìran yìí sì ju mẹ́wàá lọ. Ẹ wo bóyá tóótòòtó náà dé orí lẹbẹ àyà títí dé etí, bóyá ó dé orí ìrù, àti bóyá ìlà ṣì kù lápá ẹ̀gbẹ́. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀ kí ẹ tó ṣí fọ́tò ẹlòmíràn wò. Bí èèyàn bá ti wo fọ́tò ná, ojú rẹ̀ á máa wá ohun tó ti rí nínú fọ́tò náà.

Ìmọ̀ràn kan: ẹ má fi SEW01 àti lineolata sínú gíláàsì kan náà. Wọ́n lè bá ara wọn lò kí wọ́n bí ọmọ tó wà láàrin méjì. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá dé ọjà, kò sí ẹni tó lè dárúkọ wọn mọ́.

Akọ àti abo mi kò jọra rárá. Ṣé ẹ̀yà méjì ni mo rà?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ tọkọtaya. Ẹ wo Sewellia lineolata láti òkè. Akọ ní "èjìká": ibi tí orí ti pàdé lẹbẹ àyà máa ń yọ igun jáde. Ti abo máa ń ṣàn lọ láti imú dé lẹbẹ láìsí igun, ara rẹ̀ sì sanra jù. Àwọn Pseudogastromyzon tó jẹ́ akọ máa ń hu kókó wẹ́wẹ́ lójú imú. Ẹnìkan ní Òkè-Báálẹ̀ ti fẹ́ mú akọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ẹran nítorí kókó yẹn, ó rò pé àrùn ni.

Ní alẹ́ àwọ̀ rẹ̀ máa ń ṣá. Ṣé kì í ṣe ẹ̀yà míì?

Ẹja kan náà ni. Wọ́n máa ń ṣá lóru, wọ́n sì máa ń ṣá nígbà tí ìdààmú bá wọn tàbí tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú ọ̀rá jáde. Lórí òkúta dúdú wọ́n á dúdú, lórí yanrìn funfun wọ́n á funfun. Kò yẹ kí ẹ fi àwọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ dárúkọ ẹja. Ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Kí ló dé tí ẹ kì í fún Gastromyzon ní orúkọ kejì, ìyẹn orúkọ ẹ̀yà?

Torí wọ́n pọ̀, wọ́n sì jọra. Günther ló dá ìran yìí sílẹ̀ ní 1874, orúkọ náà sì túmọ̀ sí ẹni tó ń fi ikùn fà mọ́ nǹkan. Borneo nìkan ni wọ́n wà, ẹ̀yà wọn sì ju 30 lọ. Ní 2006 nìkan, Tan Heok Hui fún púpọ̀ nínú wọn lórúkọ, títí kan Gastromyzon stellatus, tí àmì kéékèèké aláwọ̀ ìyeyè bo ara rẹ̀ dúdú bí ìràwọ̀, àti Gastromyzon zebrinus.

Àwọn tó ń pẹja níbẹ̀ máa ń da ẹ̀yà mẹ́ta mẹ́rin pọ̀ sínú garawa kan. Kòtò abẹ́ ojú tí mo mẹ́nu bà lókè, bó ṣe gùn tó tàbí bí kò ṣe sí rárá, wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Inú gíláàsì kò rọrùn láti rí i láìsí awò tó ń mú nǹkan tóbi. Bí n kò bá rí i, Gastromyzon sp. ni mo máa kọ, n kò sì ní fi kún un.

Wọ́n kọ Pseudogastromyzon myersi sára àpótí. Ṣé kí n gbà?

Ẹ gba apá àkọ́kọ́, kí ẹ fura sí ìkejì. Myersi gidi jẹ́ ẹja tí Herre kọ̀wé nípa rẹ̀ láti Hong Kong ní 1932. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ti tà lórúkọ yẹn jẹ́ ẹ̀yà míì láti China, irú bíi Pseudogastromyzon cheni. Ara ìran yìí yí roboto ju ti Sewellia lọ, lẹbẹ ikùn wọn kò sì dà pọ̀, ẹ ó rí i kedere bí wọ́n bá gun gíláàsì.

Tèmi gùn tẹ́ẹ́rẹ́, kò fẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń lẹ̀ mọ́ òkúta. Ibo ni kí n fi sí?

Ẹ lọ wo Homaloptera àti àwọn ìbátan rẹ̀, ìyẹn ẹbí Balitoridae. Àwọn tí mo ti ń sọ látòkè wà nínú Gastromyzontidae. Ìyàtọ̀ tó dájú wà níwájú lẹbẹ àyà. Nínú Gastromyzontidae, egungun lẹbẹ ẹyọ kan ṣoṣo ló wà tí kò pẹ̀ka. Nínú Balitoridae, méjì ó kéré tán ni. Fọ́tò tó mọ́ láti abẹ́ tó láti fi kà á.

Ẹ lè rí ìwé tó kó gbogbo wọn sí Balitoridae. Kì í ṣe irọ́, ìwé náà ló ti pẹ́. Láti 2012, lẹ́yìn iṣẹ́ Kottelat, onímọ̀ ẹja, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti gba Gastromyzontidae gẹ́gẹ́ bí ẹbí tó dá dúró.

Kí ni "sp." àti "cf." tí ẹ máa ń kọ?

"Sp." ń sọ pé a mọ ìran, a kò mọ ẹ̀yà. "Cf." ń sọ pé ó jọ ẹ̀yà tí a dárúkọ, kí ẹni tó bá rí i fi wé e. Àwọn kan máa ń bínú bí mo bá dá "sp." padà fún wọn, bíi pé n kò ṣiṣẹ́. Orúkọ tó péye dé ibi tí ojú rí i dé ni. Sewellia sp. tó jẹ́ òtítọ́ ṣàǹfààní fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ju Sewellia speciosa tí a méfò lọ.

Kò jọ ọ̀kan kan nínú gbogbo èyí tí mo wò. Ṣé mo ti rí ẹ̀yà tuntun?

Ó ṣeé ṣe, ẹ̀yà tí kò tíì lórúkọ máa ń dé ọjà kó tó dé inú ìwé, SEW01 jẹ́ ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n fọ́tò kò lè sọ ẹ̀yà di tuntun. Onímọ̀ gbọ́dọ̀ ka egungun lẹbẹ, kó ka ìpẹ́ ẹ̀gbẹ́ ara, kó wọn orí àti ìrù, kó sì mọ odò tí ẹja ti wá. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni ẹja ọjà kò ní. Ẹ pa rìsíìtì, ọjọ́ tí ẹ rà á àti orúkọ ìlú tó ti wá mọ́.

Ó ti kú kí n tó mọ orúkọ rẹ̀. Ṣé mo ti pàdánù rẹ̀?

Rárá, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ yà á ní fọ́tò kíákíá kí àwọ̀ rẹ̀ tó lọ, òkè àti abẹ́. Ẹ gé díẹ̀ lára lẹbẹ, ẹ fi sínú ìgò kékeré tó ní ọtí ethanol tí agbára rẹ̀ tó 95%, torí àyẹ̀wò àbùdá. Kí odidi ẹja wọ inú ethanol 70% nínú ìgò tó ní ìdérí, kí lẹbẹ rẹ̀ tẹ́ kó tó le. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọjọ́, ibi tí ẹ ti rà á àti gígùn rẹ̀ sórí bébà, kí ẹ fi bébà náà sínú ìgò pẹ̀lú ẹja. Ẹ má lo bírò, ethanol á fọ ọ́ dànù. Mẹ́ta irú ìgò bẹ́ẹ̀ ló wà lórí pẹpẹ mi báyìí, lineolata kan, Beaufortia kan, àti ọ̀kan tí bébà rẹ̀ ṣì ń jẹ́ Gastromyzon sp.